Ìlú Ọba, Kánádà àbí Ọsirélíà: ibo ni ìjọba ti máa bá yín san owó kréṣì, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣírò ẹ̀?

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ń múra àtilọ, tẹ́ ẹ sì ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Táwọn èèyàn wa bá ń fi ìlú òyìnbó wéra, owó oṣù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn ìyẹn físà, lẹ́yìn ìyẹn òtútù, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ta ló máa dúró ti ọmọ nígbà tí bàbá àti ìyá bá wà níbi iṣẹ́. Níbí, ìyá àgbà wà ní Òkè-Fìà, àbúrò ìyàwó wà ní Alekúwodò, ọmọ lè sùn sẹ́yìn ìyá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá di pé kréṣì ni, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa san án, ìjọba ò bá yín dá sí i. Lọ́hùn-ún, owó kréṣì ọmọ kan ṣoṣo lè sún mọ́ owó ilé, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí ìjọba wọn fi ń fún àwọn òbí lówó ìrànwọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ láti ìlú kan sí ìkejì ò jọra rárá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí n tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo máa fi wé wọn rèé. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìgbélùú yín, ṣé ó tiẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan owó náà, torí tí ìyẹn bá ti tì, ìṣirò tó kù ò wúlò. Lẹ́yìn ìyẹn, ta gan-an ni wọ́n ń wọ̀n: ṣé òbí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni, ṣé gbogbo owó tó wọ ilé pọ̀ ni, àbí ibi tí ọmọ ń lọ. Lẹ́yìn náà la máa wo iye tó máa ṣẹ́ kù fún yín láti san, àti bóyá ààyè á tiẹ̀ wà fún ọmọ. Tí wọ́n bá dárúkọ owó gàrí fún yín ní Ìgbóǹà, ẹ máa wo kọ́ńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sọ pé ó wọ́n àbí kò wọ́n, pásẹ́ńtì táwọn ìjọba yìí ń pariwo náà, kọ́ńgò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Mi ò fi Amẹ́ríkà sí i torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀ níbẹ̀. Mi ò sì ní í sọ nǹkan kan di náírà, ẹ jọ̀ọ́, owó oṣù ibẹ̀ lẹ máa fi san owó ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ di náírà ẹ ò ní í sùn.

Ìlú Ọba

England ni mò ń sọ o, torí Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn. Ní Scotland fún àpẹẹrẹ, gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló ń rí wákàtí 1,140 gbà lọ́dún, òbí ń ṣiṣẹ́ o, kò ṣiṣẹ́ o.

Ní England, gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló ní wákàtí 15 lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ 38 láàárín ọdún, wọn ò bèèrè owó oṣù yín, wọn ò sì bèèrè irú físà tẹ́ ẹ ní. Táwọn òbí bá ń ṣiṣẹ́, ó lè di wákàtí 30, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 sì rèé, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ti lè máa jẹ wákàtí 30 yẹn. Ẹ̀yìn sáà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án lẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe ọjọ́ tó pé e gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: òbí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa rí, ó kéré tán, iye tí ẹni tó ṣiṣẹ́ wákàtí 16 lọ́sẹ̀ máa rí lórí owó iṣẹ́ tó kéré jù lófin. Nígbà tí owó yẹn jẹ́ £12.21 ní wákàtí kan lọ́dún 2025 fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, ó fi díẹ̀ lé ní £195 lọ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọ́dọ̀ sí ẹnì kankan nínú ẹ̀yin méjèèjì tí owó ẹ̀ ju £100,000 lọ lọ́dún. Ẹ wò ó dáadáa, wọn ò ro owó yín pọ̀ o. Tí ọkọ bá ń gba £99,000 tí ìyàwó náà ń gba £99,000, wọ́n máa rí wákàtí 30 gbà, ṣùgbọ́n tí ọkọ bá ń gba £101,000 tí ìyàwó ń gba £20,000, wọ́n ti bọ́ sóde nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó tàwọn àkọ́kọ́ fi púpọ̀ ju tiwọn lọ. Èmi ò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Ẹ̀yin dókítà tí owó yín bá ti ń sún mọ́ £100,000, owó tẹ́ ẹ ń fi sí pẹ́ńṣọ̀n máa ń jáde kí wọ́n tó ṣírò, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dun ọ̀pọ̀ ìdílé wa: tí ìyàwó bá jókòó sílé nítorí kò tíì ríṣẹ́, kò sí wákàtí 30. Ẹni tó wà lórí ìsinmi ìbímọ tàbí tó gba ààyè torí àìsàn, wọ́n ṣì ń kà á sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òwò sílẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan náà, wọn ò ní í béèrè £195 yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí “wákàtí 30” tàn yín jẹ. Ọ̀sẹ̀ 38 ni, ọdún kan sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52, tí kréṣì bá tẹ́ ẹ ká gbogbo ọdún ó máa bọ́ sí bíi wákàtí 22 lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ń lo wákàtí 50 lọ́sẹ̀ torí iṣẹ́ yín jìnnà, tí kréṣì náà sì ń gba £7 ní wákàtí kan, wákàtí 28 ló ṣẹ́ kù sí yín lọ́rùn, £196 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ibi tí Tax-Free Childcare ti wúlò rèé: ẹ máa ṣí àkáǹtì kan lọ́dọ̀ ìjọba, gbogbo £8 tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀ wọ́n á fi £2 lé e, ṣùgbọ́n wọn ò ní í fi ju £500 lé e láàárín oṣù mẹ́ta fún ọmọ kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, owó ọ̀sẹ̀ 13 jẹ́ £2,548, ìjọba á mú £500, ẹ̀yin á mú £2,048. Kréṣì tún lè bèèrè owó oúnjẹ àti páńpásì lórí wákàtí ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe dandan.

Ẹni tí owó ẹ̀ kéré tó wà lórí Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lóṣooṣù, ò lè pa á pọ̀ mọ́ Tax-Free Childcare, ọ̀kan lèèyàn ń mú. Universal Credit lè san tó pásẹ́ńtì 85 nínú owó kréṣì, kò sì ní í ju £1,031.88 lọ lóṣù fún ọmọ kan, £1,768.94 fún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ní 2025-26. Wákàtí ọ̀fẹ́ ò dí èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá ni wàhálà. Ẹni tó bá fi físà iṣẹ́ wọlé, nọ́ọ̀sì, dókítà, tíṣà, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó rí, wákàtí 30 ò sí, Tax-Free Childcare ò sí, Universal Credit ò sí, àfi wákàtí 15 ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún méjì náà lè rí wákàtí 15 tí owó ilé yín ò bá kọjá £26,500 lọ́dún, tẹ́ ẹ bá ń gbé lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ sì ní ọmọ kan, £34,500 ni tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, owó ìpamọ́ yín ò sì gbọ́dọ̀ ju £16,000. Àmọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin méjèèjì bá ní ẹ̀tọ́ sí owó ìjọba, ẹni yẹn lè bá ilé náà béèrè fún wákàtí 30. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ńkọ́? Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà iṣẹ́ yẹn ò ti lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, láti oṣù keje ọdún 2025 sì rèé, wọn ò gba ẹni tuntun láti òkèèrè fún iṣẹ́ yẹn mọ́, ọ̀rọ̀ kréṣì ò tiẹ̀ dìde.

Ohun kan kù tó máa ń jẹ owó àwọn èèyàn gbé: kọ́ọ̀dù tí ìjọba máa fún yín láti fi gba wákàtí 30 yẹn gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, 31 oṣù kẹjọ fún sáà oṣù kẹsàn-án, 31 oṣù kejìlá fún ti oṣù kìíní, 31 oṣù kẹta fún ti oṣù kẹrin, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì lẹ gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ jẹ́rìí sí i pé ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé á san owó sáà kan gbáko.

Ọsirélíà

Tiwọn ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ lè jókòó sí Òṣogbo níbí kẹ́ ẹ fi bírò ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ sì mọ ibi tó máa já sí. Child Care Subsidy, CCS, lorúkọ ẹ̀, láti oṣù keje ọdún 2018 ló ti wà.

Wọ́n máa ń ro owó tọkọtaya pọ̀. Ní 2025-26, tí owó ilé bá jẹ́ $85,279 tàbí tí ò tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún, pásẹ́ńtì 90 ni ìjọba máa gbé. Gbogbo $5,000 tó bá lé lórí ìyẹn, pásẹ́ńtì kan á kúrò, tó bá fi máa dé $535,279 kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹni tí owó ẹ̀ bá fi $25,000 kọjá ìlà yẹn, 85 ni tiẹ̀. Kò sí ibi tí ilẹ̀ ti máa ṣàdéédé yọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni bíi ti £100,000 àwọn England.

Ṣùgbọ́n pásẹ́ńtì 85 ti kí ni? Wọ́n ní iye kan tí wọ́n gbà pé wákàtí kan tó, ní kréṣì ńlá fún ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé, $14.63 ni ní 2025-26. Kréṣì lè gba $16, kò sẹ́ni tó máa mú un, ṣùgbọ́n orí $14.63 ni ìjọba máa ṣe ìṣirò ẹ̀ sí, ìyókù tiyín ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe é: ọjọ́ kan tó jẹ́ wákàtí 10 lórí $16 jẹ́ $160. Pásẹ́ńtì 85 ti $14.63 lọ́nà 10 jẹ́ $124.36. Ẹ̀ẹ́ rò pé $35.64 lẹ máa san, àmọ́ wọ́n tún máa ń yọ pásẹ́ńtì 5 nínú owó ìrànwọ́ náà pa mọ́ títí ọdún owó orí á fi parí, $6.22 nìyẹn, nítorí náà $41.86 ló máa jáde lápò yín lọ́jọ́ yẹn. Tí ọdún bá parí tẹ́ ẹ sì ti ṣe owó orí yín, wọ́n á wo iye tó wọlé gan-an, wọ́n lè dá a padà, tó bá sì jẹ́ pé ẹ pe owó yín kéré, gbèsè lẹ máa jẹ. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe bù kù. Owó ilé tẹ́ ẹ ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé yín ní Òkè-Baálẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń ka owó tó ń wọlé láti òkèèrè mọ́ ọn.

Ìwọ̀n kejì ni wákàtí. Tẹ́lẹ̀, tí òbí ò bá ṣiṣẹ́ tó, wọ́n máa ń gé wákàtí ọmọ, àmọ́ láti 5 oṣù kìíní ọdún 2026, ìdílé tó bá ti lẹ́tọ̀ọ́ sí CCS ní wákàtí 72 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ o, kò ṣiṣẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 100, àwọn òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 48 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́ tàbí lẹ́nu ẹ̀kọ́, ẹni tí tiẹ̀ kéré jù ni wọ́n á wò. Tẹ́ ẹ bá ní ju ọmọ kan lọ tí wọn ò tíì ju ọdún márùn-ún lọ ní kréṣì, ìkejì àti àwọn tó tẹ̀ lé e lè rí pásẹ́ńtì 30 sí i, kó má sáà ti ju 95 lọ. Ẹ̀yin oníbejì, ẹ gbọ́ nìyẹn o.

Físà ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní físà ìgbé pípẹ́, àwọn bíi 189 àti 190. Ẹni tó lọ fi owó ara ẹ̀ kàwé kò ní í rí i, ẹni tí ìjọba Ọsirélíà fúnra ẹ̀ fún ní sikọ́láṣíìpù ló lè rí i. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ pé, nítorí náà káàdì abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún yín lọ́sìbítù níbí, ẹ má jù ú sínú àpótí, wọ́n máa kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú ìwé tiwọn.

Kánádà

Àwọn tọ́ ọ̀nà míì. Dípò kí wọ́n máa wọ òbí wò, kréṣì tó ní láísẹ́ǹsì ni ìjọba ń fún lówó kó lè dín owó kù fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ là $30 bílíọ̀nù sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, wọ́n ní kí owó kréṣì lọ sílẹ̀ sí bíi $10 lọ́jọ́. Quebec ti ṣe irú ẹ̀ láti 1997, $9.35 lọ́jọ́ ni wọ́n ń gbà ní 2025. Manitoba ń gba $10 lọ́jọ́, Saskatchewan $217.50 lóṣù, Alberta ní tiẹ̀ sọ gbogbo ẹ̀ di $326.25 lóṣù láti oṣù kẹrin ọdún 2025 fún ọmọ tó ń lọ lójoojúmọ́, wọ́n sì fagi lé èyí tí wọ́n ń fi owó oṣù òbí ṣírò tẹ́lẹ̀. Ontario ṣì wọ́n díẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ gbà ju $22 lọ́jọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ẹni tí owó ẹ̀ kéré lè tún béèrè fún ìrànwọ́ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọn.

Ẹ rí i pé kò sí ìṣirò gidi níbẹ̀. Dókítà àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ń san iye kan náà ní Alberta. Ìyẹn dáa fún ẹni tí owó ẹ̀ ń gòkè-sọ̀kalẹ̀, kò sí ìbẹ̀rù gbèsè lẹ́yìn ọdún. Ibi tó ti ń dunni ni pé ààyè ò tó. Owó ti já wálẹ̀, gbogbo ayé sì ń wá a, orúkọ ọmọ lè wà lórí ìwé títí á fi tó ọmọ iléèwé. Kréṣì tí kò sí nínú ètò náà á gba iye tó bá wù ú lọ́wọ́ yín.

Owó kejì wà tó ń wọ báńkì òbí tààrà, Canada Child Benefit. Láti oṣù keje 2025 sí oṣù kẹfà 2026, èyí tó pọ̀ jù fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà jẹ́ $7,997 lọ́dún, tí owó ilé bá sì kọjá $37,487 ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹni tó dé pẹ̀lú PR, ìyẹn ìwé ìgbé pípẹ́, lè béèrè fún un kíákíá, ẹni tó wà lórí ìwé iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 18 ná. RC66 àti RC66SCH ni fọ́ọ̀mù ẹ̀, wọ́n á bèèrè owó tó wọlé fún yín kẹ́ ẹ tó dé Kánádà, owó oṣù Òṣogbo wà níbẹ̀ náà. Yàtọ̀ síyẹn, owó kréṣì tẹ́ ẹ bá san, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé, tó $8,000 fún ọmọ tí kò tíì pé méje, ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù nínú tọkọtaya ló sábà máa ń yọ ọ́.

Ṣé ìyá àgbà ò lè lọ bá wọn gbé e?

Ó lè lọ kí wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú owó wọ̀nyí tó máa wọ ọwọ́ ẹ̀. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì tàbí tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń san án fún. Físà àbẹ̀wò Ìlú Ọba sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe ìwé iṣẹ́. Màmá á wẹ ọmọ, á se ọbẹ̀, á padà sílé. Ẹ má fi màmá dípò kréṣì nínú ìṣirò yín.

Ta ni kó mú èwo

Tọkọtaya tó ti ní PR Ọsirélíà lọ́wọ́, tí owó wọn ò tíì ga, tí wọ́n sì ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ò tíì wọ iléèwé, Ọsirélíà ni kí wọ́n mú, èmi ò rí èyí tó sún mọ́ ọn fún wọn. Tọkọtaya tí ẹnì kan péré nínú wọn ń ṣiṣẹ́ náà, Ọsirélíà tàbí Kánádà, torí England ò ní í ka ọmọ yín mọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi físà iṣẹ́ lọ England pẹ̀lú ọmọ ọdún kan, kó mọ̀ pé òun lòun máa san gbogbo ẹ̀ títí ọmọ á fi pé mẹ́ta, àfi tí owó ilé bá kéré tó fún wákàtí 15 ọmọ ọdún méjì, kó ti yọ owó yẹn nínú owó oṣù tí wọ́n kọ fún un kó tó pariwo pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Tí ọmọ bá ti pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, wákàtí 15 wà, iléèwé ọ̀fẹ́ náà ò sì jìnnà mọ́. Tí ọkọ tàbí ìyàwó bá ti ní ìwé Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ríṣẹ́, England dáa gan-an láti oṣù mẹ́sàn-án ọmọ lọ.

Ẹni tó ń lọ Kánádà, ìpínlẹ̀ ni kó fi wéra, kó má kàn sọ pé “Kánádà”. Gbogbo ẹni tó ń lọ ló ń sá lọ Toronto, bẹ́ẹ̀ Manitoba àti Saskatchewan wà lára ibi tí owó kréṣì ti kéré jù fún ẹni tí ò gbọ́ Faransé. Àtibí ni kẹ́ ẹ sì ti kọ orúkọ ọmọ sórí ìwé àwọn kréṣì tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kódà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún.

Èyí tó kan gbogbo yín: ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ lọ́dọ̀ NPC kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ àti ti páàsìpọ́ọ̀tù bára mu, títí kan bí wọ́n ṣe tò ó, torí fọ́ọ̀mù Kánádà máa bèèrè ẹ̀rí ìbí ọmọ tí wọn ò bí síbẹ̀, kréṣì England náà á sì fẹ́ rí ọjọ́ orí ẹ̀ kí wọ́n tó ka wákàtí kankan fún un.